Bí rédíò DAB ṣe ń fún ohùn pọ̀ kó tó gbé e sáfẹ́fẹ́

Tí iléeṣẹ́ rédíò bá fẹ́ gbé orin jáde lórí DAB, ìyẹn rédíò oní-dígítà, láìyọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀, kò ní ṣeé ṣe. Ẹ̀rọ máa ń wọn ohùn ní ìgbà 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bíìtì (òdo tàbí ení tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nǹkan) 16 fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, etí ọ̀tún lọ́tọ̀, tòsì lọ́tọ̀. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíìtì 1,536,000. Bẹ́ẹ̀, ìkànnì DAB kan, tí rédíò bíi mẹ́wàá jọ ń lò, kì í sábà ní ju nǹkan bíi 1,152,000 lọ fún gbogbo wọn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ bíìtì tó ń tún àṣìṣe ojú ọ̀nà ṣe kúrò. Ká má tíì sọ mẹ́wàá, ẹyọ kan kò gba ibẹ̀.

Etí wa ni wọ́n fi wá ọ̀nà àbáyọ. Bí ìyá ìlù bá ń dún kíkankíkan, ìró tín-ín-rín mìíràn tó fara pẹ́ ẹ ní gíga ohùn máa ń bọ́ mọ́ ọn lábẹ́. Afẹ́fẹ́ gbé e dé o, àmọ́ etí kò mọ̀ pé ó kọjá. Kí ló wá dé tí a ó fi máa náwó bíìtì lé e lórí?

Iṣẹ́ Eureka 147, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù lọ́dún 1987, ló bí DAB. MP2 ni ọ̀nà ìfúnpọ̀ ohùn tí wọ́n yàn fún un, ọmọ ìyá MP3 tí gbogbo ayé mọ̀. MP2 máa ń mú ìwọ̀n 1,152 lẹ́ẹ̀kan, èyí tí kò ju ìdá 24 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, a sì pín in sí ọ̀nà 32 láti ìró ìsàlẹ̀ dé ìró òkè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìṣirò mìíràn ń wò ó pé èwo ló bo èwo mọ́lẹ̀. Ọ̀nà tí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀ kò ní gba bíìtì kankan. Àwọn yòókù gba ìwọ̀nba. Bíìtì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá yọ lára ìwọ̀n máa ń fi nǹkan bíi dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ń dún tó) 6 kún ariwo. Ariwo náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, orin ni wọ́n fi bò ó.

DAB+, ẹ̀yà tuntun DAB, dé lọ́dún 2007, ó sì gbé HE-AAC wọlé, ọ̀nà ìfúnpọ̀ ohùn tí wọ́n gbé ka orí AAC. Èyí gbọ́n ju MP2 lọ dáadáa. Ó lè má fi ìró òkè ránṣẹ́ rárá: rédíò tó wà lọ́wọ́ olùgbọ́ ló máa ń ṣe ẹ̀dà ìró ìsàlẹ̀, tó sì ń gbé e lọ sókè, bíìtì díẹ̀ sì ń sọ fún un bó ṣe yẹ kó dún tó. Agogo ló máa ń dán an wò. Bí wọ́n bá lù ú lójijì láàárín ègé ohùn kan, ariwo máa ń tàn ká gbogbo ègé náà, wọn a sì máa gbọ́ ọ kí agogo tó dún. AAC tètè máa ń gé irú ègé bẹ́ẹ̀ sí mẹ́jọ kéékèèké, kí ariwo náà má ráyè rìn jìnnà.

Ilé iṣẹ́ ni ọpọlọ gbogbo eléyìí wà. Ti rédíò ni kó ṣe ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe. Ìyẹn ni wọ́n fi lè tún ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ra rédíò tuntun. Àmọ́ rédíò DAB àtijọ́ tí kò mọ AAC kò lè gbé DAB+ sọ̀rọ̀.

Ní tòótọ́, ẹ̀bi ohùn tí kò dáa kì í sábà jẹ́ ti ìlànà, ti àwọn tó ń pín bíìtì ni. Ní Ìlú Ọba, Radio 3 ti BBC ti gba kilobíìtì 192 (bíìtì 192,000) láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan rí, nígbà tí ọ̀pọ̀ rédíò olórin mìíràn lórí MP2 ń lo 128 tàbí ohun tó kéré sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu lè rù ú là. Gìtá àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò lè rù ú.

Wàhálà míì tún wà níbẹ̀. Ohùn tí oníròyìn fi WhatsApp ránṣẹ́ ti di fífúnpọ̀ kó tó dé iléeṣẹ́, wọ́n á sì tún un fún pọ̀ lórí ìkànnì. Ìṣirò kejì kò mọ ohun tí ti àkọ́kọ́ ti jù nù, ariwo méjèèjì á sì gorí ara wọn. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ṣe máa ń tọ́jú orin sínú kọ̀ǹpútà láìfún un pọ̀ títí yóò fi kan orí ìkànnì.