Ọ̀rá Ta Ni Àfòmọ́ Fi Bora?

Bí mo bá ti sọ fún èèyàn pé àwọn onímọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rá ara kòkòrò àrùn ni wọ́n ń yẹ̀ wò láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ máa ń jáde, ìbéèrè á wá tẹ̀ lé ẹ̀rín. Díẹ̀ lára àwọn ìbéèrè náà nìyí. Kòkòrò tí mò ń sọ kì í ṣe bakitéríà, kì í sì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Àwọn onísẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni, tí sẹ́ẹ̀lì wọn sì jọ tiwa gan-an: Plasmodium tó ń fa ibà, Trypanosoma tó ń fa àrùn oorun, Leishmania tó ń dá egbò sí awọ tàbí kó mú ẹ̀dọ̀ wú, àti Toxoplasma tó ń gbé inú ológbò.

Kí tiẹ̀ ni ọ̀rá ń ṣe lára wọn?

Òun ni ògiri ilé wọn. Ẹ kán òróró sínú ife omi, ẹ wò ó: á ṣù jọ, á máa sá fún omi. Ọ̀rá tí sẹ́ẹ̀lì fi ń mọ ògiri yàtọ̀ díẹ̀ sí òróró yẹn, nítorí ó ní orí tó fẹ́ràn omi, ó sì ní ìrù méjì tó kórìíra rẹ̀. Tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ bá wà nínú omi, wọ́n á to ara wọn ní ìlà méjì, ìrù á kọjú sí ìrù, orí á kọjú sí omi, láìsí ẹni tó tò wọ́n. Awọ tó ti ibẹ̀ jáde fẹ́lẹ́ débi pé a ó to nǹkan bíi 20,000 rẹ̀ léra kó tó nípọn tó ìwé pélébé kan. Síbẹ̀ òun ló pààlà inú àti ìta. Sẹ́ẹ̀lì tí awọ rẹ̀ bá ti lu, ó parí fún un.

Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ni kòkòrò ibà ń gbé. Ibo ló ti ń rí ọ̀rá níbẹ̀?

Ibi tó le gan-an lẹ fọwọ́ bà yìí. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó ti gbó kò fi bẹ́ẹ̀ lè ṣe ọ̀rá tuntun mọ́. Àpò lásán ni, tó kún fún èròjà tó ń gbé afẹ́fẹ́ ìmí kiri. Plasmodium falciparum wọ inú àpò yìí ní òun nìkan. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 48, ọmọ bíi 16 sí 32 ló ń tú jáde, kálukú pẹ̀lú awọ tirẹ̀. Ẹ wo ẹni tó wọ ilé òfìfo tí kò sí bíríkì kan ṣoṣo nínú rẹ̀, tó sì kọ́ ilé ọgbọ̀n síbẹ̀ ní ọjọ́ méjì.

Ìta ló ti ń kó o wọlé. Kòkòrò náà ń tún ara sẹ́ẹ̀lì tó wọ̀ ṣe, kí choline, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe orí ọ̀rá, àti àwọn ègé ọ̀rá tó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ lè ráyè wọlé dáadáa, á wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ so wọ́n pọ̀. Kò lè ṣe cholesterol, irú ọ̀rá tó ń mú awọ le, fúnra rẹ̀ rárá. Èyí tó bá bá lára wa ló ń lò. Àwọn àgbà sọ pé àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ó dà bíi pé kòkòrò yìí ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi sọ ọ́.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2017. Ọ̀kan nínú ọ̀rá tó ń kó láti inú ẹ̀jẹ̀ ń jẹ́ lysophosphatidylcholine. Nígbà tí wọ́n dín in kù, ọ̀pọ̀ kòkòrò náà dẹ́kun pípọ̀ sí i, wọ́n yíra padà di akọ àti abo, irú èyí tí ẹ̀fọn ń fà mu lọ sára ẹlòmíì. Ó rí pé oúnjẹ ń tán nílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Mo gbọ́ pé kòkòrò ibà bá ewéko tan. Ṣé kì í ṣe àsọdùn?

Kì í ṣe àsọdùn. Ẹ̀yà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní apicoplast, bàbá ńlá rẹ̀ ni ohun tó ń mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀. Awọ mẹ́rin ló bò ó, awọ yẹn ló sì ń sọ ìtàn rẹ̀. Nígbà láéláé, sẹ́ẹ̀lì kan gbé bakitéríà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ mì, kò dà á nínú, ó di alga, ewéko wínníwínní inú omi. Sẹ́ẹ̀lì mìíràn wá gbé alga yẹn mì odindi. Gbígbé mì lẹ́ẹ̀mejì, awọ mẹ́rin.

Kò rí oòrùn mọ́ o, àwọ̀ ewéko sì ti bọ́ lára rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ṣẹ́kù: ó ń ṣe ọ̀rá, ó sì ń ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní isoprenoid. Ní 2011, àwọn onímọ̀ méjì, Ellen Yeh àti Joseph DeRisi, fi oògùn pa apicoplast run lára kòkòrò ibà, wọ́n wá ń bu ẹyọ èròjà kan ṣoṣo fún un, èyí tí wọ́n fi ń ṣe isoprenoid. Kòkòrò náà kò kú. A jẹ́ pé nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí ohun kan yìí ló ṣe ń tọ́jú ẹ̀yà náà. Ọ̀rá tí ibẹ̀ ń ṣe, ìgbà tó bá wà nínú ẹ̀dọ̀ ló wúlò, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí lára eku ti fi hàn. Doxycycline náà, oògùn kan tí wọ́n ń lò fún ibà, apicoplast ló ń bá jà, òun ló sì fà á tó fi ń lọ́ra: kòkòrò tó kọ́kọ́ fara gbá a kì í sábà kú, ọmọ tó bí, tó jogún apicoplast tó ti bàjẹ́, ni kò ní lè yè.

Tó bá jẹ́ ọ̀rá ni awọ tiwọn, ọ̀rá náà sì ni tiwa, báwo ni oògùn ṣe ń mọ èyí tó máa lù?

Kì í fi gbogbo ìgbà mọ̀ ọ́n. Ìyàtọ̀ wà, ṣùgbọ́n ó kéré. Cholesterol ni àwa fi ń mú awọ wa le. Leishmania àti Trypanosoma cruzi (ìbátan èyí tó ń fa àrùn oorun, àmọ́ àrùn Chagas ni òun ń fà), ergosterol àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, bíi ti olú. Tí ẹ bá ya àwòrán àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ó wò ó títí kẹ́ ẹ tó rí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀: nǹkan kékeré kan so mọ́ ìrù ergosterol, ibi tí átọ́ọ̀mù méjì ti di ara wọn mú lẹ́ẹ̀mejì sì pọ̀ lára rẹ̀ ju ti cholesterol lọ. Gbogbo rẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orí ìyàtọ̀ bíńtín yìí ni amphotericin B jókòó lé, oògùn tí wọ́n rí lára bakitéríà inú erùpẹ̀ ní Fẹnẹsúélà láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ergosterol, awọ kòkòrò á sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń ya ọ̀dọ̀ cholesterol náà díẹ̀, ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi ń gbọ̀n, tí ara rẹ̀ ń gbóná, tí kíndìnrín rẹ̀ sì lè fara gbọgbẹ́.

Ọgbọ́n tí wọ́n wá ta sí i ló mú mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ọ̀rá di oògùn náà sínú àpò wínníwínní. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbá ìdọ̀tí inú ara máa ń gbé irú àpò bẹ́ẹ̀ mì, inú àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an sì ni Leishmania fara pa mọ́ sí. Oògùn bá a dé yàrá, kíndìnrín sì rí ìsinmi díẹ̀.

Miltefosine tiẹ̀ jọ ọ̀rá awọ fúnra rẹ̀: orí kan, ìrù gígùn kan. Àrùn jẹjẹrẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ní 2002 ni Íńdíà gbà á wọlé fún Leishmania tó ń wọ inú, òun sì ni oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n ń gbé mì fún àrùn náà. Aboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, torí ó lè ba ọmọ inú jẹ́.

Kí ẹ má bàa rò pé ẹni tó bá ti mú ergosterol ti mú kòkòrò: posaconazole, oògùn tó ń dí ọ̀nà tí T. cruzi fi ń ṣe ergosterol, dára púpọ̀ nínú ilé ìwádìí. Nígbà tí wọ́n lò ó fún àwọn èèyàn, tí èsì rẹ̀ sì jáde ní 2014, ara ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni wọ́n ti tún bá kòkòrò náà lẹ́yìn tí wọ́n lo oògùn tán. Benznidazole, oògùn àtijọ́, ló ṣe dáadáa jù ú lọ. Èmi ò rò pé èrò náà ló burú. Ìgboro àti ilé ìwádìí ni kò rí bákan náà.

Kí ló dé tí a kò fi ní àjẹsára fún àrùn oorun?

Aṣọ ni. Lábẹ́ maikirosíkóòpù, ẹ ó rí Trypanosoma tó ń fà á tó ń jà pìtìpìtì láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ bí ẹja tí wọ́n fà yọ lódò. Ohun tí ẹ kò ní rí ni pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 ẹ̀dà puròtéènì kan ṣoṣo ló bo gbogbo ara rẹ̀. Ọ̀rá ló so ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ awọ: ìrù méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù 14. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ara wa bá fi máa dá aṣọ náà mọ̀, àwọn kan nínú wọn á ti pààrọ̀ rẹ̀, aṣọ tó lé ní 2,000 ni wọ́n ní nínú àbùdá wọn. Àjẹsára wo ló máa kọ́ ara ní gbogbo ẹ̀?

Ọ̀rá oníkábọ́ọ̀nù 14 yẹn kò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ní 2006 ni wọ́n rí i pé kòkòrò náà ń ṣe é fúnra rẹ̀, lọ́nà tí kò wọ́pọ̀: ó ń lo àwọn òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ wọn lára ẹlòmíì kò ju kí wọ́n fa ọ̀rá tó ti wà gùn lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti kábọ́ọ̀nù 4, ó ń fi méjì-méjì kún un, ó dúró ní 14.

Ibì kan wà tí ọ̀rá ti dà á o. Ó máa ń gbé àwọn hóró ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wa mì bí oúnjẹ, àwọn tí dókítà ń pè ní cholesterol rere. Nínú díẹ̀ lára wọn ni APOL1 wà, puròtéènì tó ń lu awọ láti inú wá. Trypanosoma brucei brucei tó ń pa màlúù kì í lè ṣe èèyàn ní ohunkóhun nítorí rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ méjì, gambiense àti rhodesiense, ló ti rí ọgbọ́n dá sí i, àwọn náà ló ń fa àrùn oorun.

Kí ló dé tó fi jẹ́ inú ológbò nìkan ni Toxoplasma ti ń gùn, tí akọ àti abo rẹ̀ ń pàdé?

Ọ̀rá tún ni. Nínú ìfun ológbò àti àwọn ìbátan rẹ̀, ohun tó yẹ kó máa yí linoleic acid, irú ọ̀rá kan, padà kò ṣiṣẹ́, ọ̀rá náà wá ń kóra jọ síbẹ̀. Ní 2019, wọ́n fún eku ní linoleic acid, wọ́n sì fi oògùn dí ohun tó ń yí i padà. Toxoplasma gùn nínú ìfun eku.

Ṣé tí mo bá dín ọ̀rá kù lẹ́nu, ebi á pa kòkòrò ibà kú?

Rárá o. Ẹ̀dọ̀ yín kò ní jẹ́ kí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tán, ohun tí kòkòrò náà sì nílò kò tó nǹkan. Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé lumefantrine, tí wọ́n ń pò mọ́ artemether fún ibà, kì í fẹ́ wọ ẹ̀jẹ̀ láìsí ọ̀rá. Tí wọ́n bá lò ó pẹ̀lú oúnjẹ ọlọ́ràá, èyí tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ lè tó ìlọ́po 16 ti ẹni tó lò ó lófìfo inú. Ẹni tí kò bá lè jẹun nígbà tí ibà bá dá a dùbúlẹ̀, kó fi wàrà díẹ̀ gbé e mì.