Bàálù Àyálò: Ibi Tí Yíyá Ọkọ̀ Òfuurufú fún Ogun Ẹlòmíràn Ti Ṣẹ̀ Wá Nílẹ̀ Áfíríkà

Nígbà tí Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, François Hollande, kéde ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún 2013 pé àwọn ọmọ ogun òun ti wọ Màlì, ìbọn ni gbogbo ayé ń wò. Ẹrù ló yẹ kí wọ́n wò. Faransé ní ọmọ ogun, ó ní bàálù ajubọ́ǹbù, ó sì ní ọ̀gágun tó mọ Sàhárà dáadáa. Ohun tí kò ní ni bàálù akẹ́rù ńlá tó lè fi ìrìn kan gbé ọkọ̀ ogun onírin láti Yúróòpù dé Bamako. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti yá a ní méjì, Kánádà yá a ní ọ̀kan, Bẹ́ljíọ̀m àti Dẹ́nmárkì náà yọjú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Kánádà tètè là á mọ́lẹ̀ pé kò sí ọmọ ogun àwọn kankan tí yóò jà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn, pé ẹrù lásán la bá wọn gbé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá, kó padà sí Kóngò, ọdún 1964.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Simba gba Stanleyville, ìlú tí a mọ̀ sí Kisangani lónìí. Wọ́n há àwọn àjèjì tó lé ní 1,000 mọ́bẹ̀, míṣọ́nnárì, oníṣòwò, títí kan àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣojú ìjọba Amẹ́ríkà. Bẹ́ljíọ̀m, tó jẹ gàba lé Kóngò lórí títí di 1960, ní ọmọ ogun tó ń fi páráṣúùtì fò, ṣùgbọ́n kò ní bàálù tó lè gbé wọn lọ tó bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà ní bàálù, àmọ́ kò fẹ́ kí ọmọ ogun tirẹ̀ lọ jà ní Kóngò. Ọwọ́ kan kò sáà gbẹ́rù dórí.

Àwọn C-130, bàálù akẹ́rù Amẹ́ríkà tó wà ní ibùdó òfuurufú Évreux nílẹ̀ Faransé gbéra, wọ́n lọ kó àwọn ọmọ ogun Bẹ́ljíọ̀m ní ibùdó Kleine Brogel nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m. Wọn ò gba orí ilẹ̀ Áfíríkà kọjá. Ojú òkun ni wọ́n gbà lọ sí Ascension, erékùṣù Gẹ̀ẹ́sì kan tó dá wà láàárín òkun Àtìláńtíìkì, wọ́n sì fi ọjọ́ mélòó kan dúró níbẹ̀, wọ́n ń retí àṣẹ. Ẹ wò ó bí ó ti rí: ọmọ ogun Bẹ́ljíọ̀m, bàálù Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ogun Kóngò. Gbogbo ohun tí a óò tún rí ní Màlì lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ti pé síbẹ̀.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá, bàálù márùn-ún àkọ́kọ́ já 320 ọmọ ogun sílẹ̀ sórí pápákọ̀ òfuurufú Stanleyville. Dragon Rouge ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Kí wọ́n tó rìn dé àárín ìlú, àwọn Simba ti kó àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n há mọ́ jáde sójú títì, wọ́n sì dáná ìbọn yá wọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ ni wọ́n rí gbà là. Washington àti Brussels ní iṣẹ́ àánú ni àwọn wá ṣe, pé kò kan ogun abẹ́lé rárá. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ogun ìjọba Moïse Tshombe, olórí ìjọba Kóngò, àti àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n fowó gbà sógun gba orí ilẹ̀ wọ ìlú, tí Stanleyville sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìjọba Áfíríkà bínú gidigidi. Lójú tèmi, wọn ò bínú àbíjù. Ẹni tó gbé jagunjagun dójú ogun ti bá wọn jà, ì báà má yin ọta kan.

Shaba ló tẹ̀lé e. Ní 1977, àwọn ọlọ̀tẹ̀ FNLC gba Angola wọ ìpínlẹ̀ Shaba nílẹ̀ Zaire, orúkọ tí Kóngò ń jẹ́ nígbà náà. Mòrókò fi ọmọ ogun bí 1,500 ran Mobutu, ààrẹ Zaire, lọ́wọ́, bàálù Faransé ló sì kó wọn. Nígbà tó di 1978, àwọn ọlọ̀tẹ̀ padà wá, wọ́n sì gba Kolwezi, ìlú tí wọ́n ti ń wa kùsà bàbà. Lọ́tẹ̀ yìí, Faransé rán ọmọ ogun tirẹ̀, ẹgbẹ́ 2e REP, àwọn tó ń fi páráṣúùtì fò, tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Philippe Erulin ń darí. Bàálù akérò ni wọ́n fi kó wọn láti Corsica dé Kinshasa, páráṣúùtì wọn kò sì bá wọn dé. Èyí tí wọ́n bá nílẹ̀ ni T-10, iṣẹ́ ọwọ́ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ti ọmọ ogun Zaire, àpò ẹrù àwọn Faransé kò sì bá ìkọ́ rẹ̀ mu. Wáyà ni wọ́n fi ń so ó mọ́ ara. Àwọn àgbà ní ẹ̀wù àyálò, bí kò ṣò lápá, a fún lọ́rùn. Àwọn wọ̀nyí tún wọ tiwọn fò láti ojú ọ̀run.

Wọ́n há ara wọn mọ́ inú C-130 Zaire àti Transall, bàálù akẹ́rù Faransé, tí èrò inú rẹ̀ kọjá ohun tó yẹ kó gbé. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún, bí 400 nínú wọn fò sí Kolwezi. Ọkọ̀ wọn, epo àti ẹrù wíwúwo kò lè fò. C-141 Amẹ́ríkà ló gbé wọn wá.

Ká wá padà sí Màlì. Ní 2012, àwọn Tuareg inú ẹgbẹ́ MNLA gbógun dìde, àwọn sójà fipá gbàjọba ní Bamako ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, Kidal, Gao àti Timbuktu, àwọn ìlú àríwá, sì bọ́ sọ́wọ́ ọlọ̀tẹ̀ tẹ̀lé ara wọn. Kò pẹ́ tí Ansar Dine, MUJAO àti AQIM, àwọn ẹgbẹ́ jìhádì, fi lé MNLA fúnra rẹ̀ kúrò. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ikọ̀ ọmọ ogun Áfíríkà kan, AFISMA, tí wọ́n ṣètò sí nǹkan bí 3,300. Ṣùgbọ́n Romano Prodi, aṣojú àjọ náà, ti sọ pé wọn ò ní lè bẹ̀rẹ̀ kí oṣù Kẹsàn-án 2013 tó dé. Owó, ọkọ̀ àti bàálù ni wọ́n ń dúró dè. Konna, ìlú kan láàárín Màlì, kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ló ṣubú, Dioncounda Traoré tó jẹ́ ààrẹ fìdíhẹ sì ké sí Paris.

Transall kan kò lè gbé ju tọ́ọ̀nù 16 lọ. Ọkọ̀ ogun VAB kan ṣoṣo ti tó tọ́ọ̀nù 13. Ẹ fojú bu iye ìrìn tí bàálù bẹ́ẹ̀ máa rìn kí ó tó kó ikọ̀ ọmọ ogun kan àti irinṣẹ́ wọn tán. C-17 ń gbé tó tọ́ọ̀nù 77, ìdí nìyẹn tí gbogbo ojú fi wà lára méjì tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán wá. Évreux ni wọ́n ti lọ di ẹrù, ibùdó yẹn gan-an tí àwọn bàálù Stanleyville ti gbéra. Ọ̀kan nínú méjèèjì bà jẹ́ níbẹ̀ kó tó ṣí.

Kánádà ní ọ̀sẹ̀ kan péré ni òun yá tòun fún, ó sì ń sún un síwájú títí tó fi di oṣù Kẹta. Jámánì fi Transall kó àwọn ọmọ ogun ECOWAS. Àlgéríà ṣí òfuurufú rẹ̀ sílẹ̀ fún bàálù ogun Faransé, ohun tí kò rọrùn fún un láti ṣe, nítorí ìtàn àárín àwọn méjèèjì. Faransé tún háyà Antonov 124, owó gidi ni wọ́n fi gba ìyẹn.

Ti Amẹ́ríkà ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí Faransé san owó bàálù. Paris kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, wọ́n ṣáà rò pé ọ̀rẹ́ kì í báni ṣírò. Láti ọjọ́ 21 oṣù Kìíní, C-17 Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ná Istres nílẹ̀ Faransé sí Bamako, nígbà tí oṣù sì ń parí lọ, Washington gbẹ́nu kúrò nínú ọ̀rọ̀ owó, ó tún fi bàálù tó ń rọ epo fún bàálù lójú ọ̀run kún un. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì, Barack Obama fọwọ́ sí ìrànlọ́wọ́ tó tó mílíọ̀nù 50 dọ́là fún Faransé àti Chad. Ẹni tó ń bèèrè owó ló padà di ẹni tó ń náwó.

Bàálù nìkan kọ́ o. Ọkọ̀ ojú omi Dixmude gbé ọkọ̀ ogun láti Toulon dé Dakar, wọ́n sì ti ibẹ̀ wà wọ́n wọ Màlì. Ojú títì sì ní ewu tirẹ̀, kódà nílé wa níbí. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní, bọ́ǹbù bú mọ́ àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tó ń lọ sí Màlì ní Okene ní ìpínlẹ̀ Kogi, ó sì pa méjì nínú wọn. Ansaru, ẹgbẹ́ jìhádì kan ní Nàìjíríà, ní àwọn ni. Wọn ò tíì jáde ní Nàìjíríà, ogun Màlì ti pa wọ́n.

Faransé àti àwọn tó ń bá a jà gba Gao padà ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní, Timbuktu ní ọjọ́ 28, wọ́n sì wọ Kidal ní ọjọ́ 30. Láti Bamako dé Gao nìkan tó nǹkan bí 1,200 kìlómítà, omi mímu àti epo sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé wọn dé orí àwọn òkè Ifoghas ní àríwá Màlì. Nígbà tí Hollande bẹ Timbuktu wò ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì, wọ́n fún un ní ọmọ ràkúnmí kan. Ìyẹn kò rí bàálù wọ̀. Ìdílé kan tí wọ́n fi sí lọ́dọ̀ ní Timbuktu sè é jẹ.

Oṣù Kẹjọ 2013 ni A400M àkọ́kọ́, bàálù akẹ́rù ńlá tí Faransé ti ń retí láti ọdún pípẹ́, tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Síbẹ̀ yíyá kò dópin: ní 2018, hẹlikọ́pítà Chinook mẹ́ta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Gao láti máa bá Faransé kó èrò àti ẹrù.

Nígbà tí 2021 ń parí lọ, àwọn ológun tó wà lórí àlééfà ní Bamako gba àwọn ọmọ ogun Wagner láti Rọ́ṣíà. Sergey Lavrov ti kọ́kọ́ sọ pé ilé iṣẹ́ aládàáni ni wọ́n, kò kan ìjọba Rọ́ṣíà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, Faransé àti àwọn orílẹ̀-èdè kan fọwọ́ sí ìwé pé àwọn mọ̀ pé Moscow ló ń fi ohun èlò ṣèrànwọ́ kí Wagner lè dé Màlì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Jámánì, Bẹ́ljíọ̀m àti Dẹ́nmárkì wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i.