Free jazz kì í ṣe jazz ọ̀fẹ́: ìdáhùn sáwọn ìbéèrè yín lórí eré Yaba

Látọjọ́ Sátidé tó kọjá ni fóònù mi ò ti sinmi. Fídíò ìṣẹ́jú méjì kan ló ń káàkiri WhatsApp, ọkùnrin kan ń fọn sakisofóònù bí ẹni tó ń ké, ẹnì kan ń pariwo lẹ́yìn pé kí wọ́n dá owó òun padà. Gbọ̀ngàn kékeré kan ní Yaba ni, àkọ́kọ́ nínú eré free jazz tí wọ́n fẹ́ máa ṣe lóṣooṣù. Mo wà níbẹ̀, ìlà kejì ni mo jókòó sí, mo sì fẹ́ràn irú orin yìí gan-an, torí náà ẹ jẹ́ n dáhùn.

Wọ́n kọ "free" sórí flyer, kí ló dé tí wọ́n tún gbowó lẹ́nu ọ̀nà?

Orúkọ orin yẹn ni. "Free" inú ẹ̀, òmìnira ló ń sọ, pé àwọn olórin ò so ara wọn mọ́ kóòdù (ohùn mélòó kan tó ń dún pọ̀) tàbí bíìtì tí wọ́n ti tò sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi àwọn tó ṣètò ẹ̀ ni o, èèyàn ò lè kọ "free" gàdàgbà l'Ékòó kó wá kọ iye owó tín-ín-rín sísàlẹ̀. Kí wọ́n tún un kọ.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?

Orúkọ Ornette Coleman, onísakisofóònù ọmọ Amẹ́ríkà, ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Ní 1959 ó gbé ẹgbẹ́ ẹ̀ wá sí kíláàbù Five Spot ní New York, àwọn kan ní ọba orin dé, àwọn kan ní kò mọ nǹkan kan. Ní December 1960 ó kó olórin mẹ́jọ jọ, ó pín wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n jọ ṣe orin kan ṣoṣo fún bí ìṣẹ́jú 37. Free Jazz ni wọ́n pe àwo yẹn, ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá. Ní 2007 wọ́n fún Coleman ní Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá kan l'Amẹ́ríkà.

Ṣé kì í ṣe pé wọn ò mọ orin ni?

Ìbéèrè yìí ló dùn mí jù. Ẹ wo onígángan tó bá wà níbi òde ní Muṣin, kò mọ̀ yín rí, ẹ̀ ń wọlé bọ̀, ó wo aṣọ yín, ó gbọ́ tẹ́nì kan pe orúkọ yín, kíá ìlù ti ń kì yín. Ta ló kọ ìyẹn síwèé fún un? Kò sì sẹ́ni tó máa ní kò mọ ìlù. Nínú dùndún, ìyáàlù ló láyè láti máa sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú, àwọn tó kù á máa di ìlù mú fún un. Níbi free jazz, gbogbo wọn ló lè di ìyáàlù nígbàkigbà, ìdí tó fi le nìyẹn, ẹni tí ò bá fetí sí ìkejì ẹ̀ á da gbogbo ẹ̀ rú.

Nǹkan kan wà tí fídíò yẹn ò gbé. Ní bí aago mẹ́jọ ààbọ̀, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹni tó ń ta báàsì onígi ńlá yẹn dúró, ó tẹ́tí, ó ń wá ohùn jẹnẹrétọ̀ náà kiri lórí okùn tó nípọn jù títí ó fi rí i, ló bá mú ọrun bíi tàwọn onígòjé, ó ń fà á lọ fà á bọ̀. Onídúrọ́ọ̀mù gbé igi sílẹ̀, ó ń fi ìka ra awọ ìlù. Onísakisofóònù yọ ẹnu ohun èlò ẹ̀, ó ń fọn ẹnu yẹn nìkan nínú òkùnkùn, bí ọmọ ọwọ́ tó fẹ́ sunkún. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lójijì jẹnẹrétọ̀ kú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dákẹ́ pẹ̀lú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó ṣẹ́jú sẹ́nì kan. Bàbá tó jókòó ti mí ní "Háà!", ohùn ẹ̀ gbọ̀n.

Kí ló kan àwa níbí nínú ẹ̀?

Ó kàn wá dáadáa. Babatunde Olatunji, onílù ọmọ Ajido lẹ́bàá Badagry, ló ni ilé àṣà Áfíríkà ní Harlem, New York, tí John Coltrane, àgbà onísakisofóònù, ti ṣeré ní April 23, 1967, Coltrane sì kú ní July ọdún náà. Ọ̀kan lára eré ẹ̀ tó gbẹ̀yìn pátá nìyẹn, ilé ọmọ wa ló sì ti ṣe é. Sun Ra, olórin free jazz ọmọ Amẹ́ríkà, àti ẹgbẹ́ ẹ̀ wá sí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, l'Ékòó ní 1977. Ọdún yẹn náà ni Lester Bowie, tóun náà jẹ́ olórin free jazz l'Amẹ́ríkà, wá bá Fela, ó sì fọn tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì nínú àwo No Agreement.

Ṣé kò lẹ́mìí àjèjì nínú?

Rárá o. Albert Ayler, ọ̀kan lára àwọn àgbà ẹ̀, ká odindi àwo orin ìsìn àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní 1964.

Mo fẹ́ gbìyànjú ẹ̀. Báwo ni kí n ṣe gbọ́ ọ?

Ẹ mú olórin kan ṣoṣo, ẹ tẹ̀ lé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbàgbé àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá wo ẹni tó ń dá a lóhùn. Ẹ má wá orin tẹ́ ẹ máa bá wọn kọ, ẹ ò ní rí i. Ẹ gbé fóònù sápò.

Ṣé a lè náwó fún wọn?

Ẹ má ṣe é. Òfin CBN ti 2007 ka fífọ́n náírà sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn tí ò ní dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Ẹ ra àwo wọn.

Etí ńkọ́? Ọmọ mi ńkọ́?

Ewu wà tó bá pariwo jù, bó ṣe wà ní òwàm̀bẹ̀. Àwọn onímọ̀ l'Amẹ́ríkà ní ariwo 85 decibel ò gbọ́dọ̀ ju wákàtí mẹ́jọ lọ lójúmọ́, tó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré. Tẹ́ ẹ bá ní láti pariwo kẹ́ni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tó gbọ́ yín, ẹ sún kúrò nídìí spíkà, tàbí kẹ́ ẹ ra earplug. Ẹ mú ọmọ wá, kẹ́ ẹ jókòó lẹ́yìn, kẹ́ ẹ dì í létí.

Ṣé wọ́n ṣì máa ṣe toṣù tó ń bọ̀?

Wọ́n ní àwọn á ṣe é. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni aládùúgbò, torí LASEPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí àyíká, ti ti ilé ìjọsìn àti kíláàbù pa nítorí ariwo rí, gbọ̀ngàn kékeré ò lè fara da ìyẹn. Ẹnì kan sì ti ní kí wọ́n fi DJ sáàárín kí èrò lè pọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbọ́ tiẹ̀. Aago márùn-ún ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ báyìí, kí wọ́n lè parí kílẹ̀ tó ṣú jù. Ìlà kejì ni mo máa wà.