Ẹ Má Fi Imú Wọn Benzene

"Òórùn rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le, kò lè ṣe wá ní nǹkan kan." Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń fi epo bẹntiróòlù, tínà tàbí gọ́ọ̀mù rọ́bà ṣiṣẹ́, ó sì léwu gidigidi. Benzene, kẹ́míkà olómi kan tó máa ń fò sínú afẹ́fẹ́, lè wà nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ní Amẹ́ríkà, òpin tí òfin fi sí benzene nínú afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́ ni ìdá 1 nínú mílíọ̀nù, tí a bá wọ̀n ọ́n fún wákàtí 8. Ọ̀pọ̀ imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ títí yóò fi kọjá ìwọ̀n yẹn. Imú tó bá sì ti gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀ á mọ́ ọn lára, kò ní gbọ́ ọ dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró kò dín.

Ní 80°C ni benzene ń hó, àmọ́ kò dúró de iná kó tó máa fò sínú afẹ́fẹ́. Oru rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po 3 afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń rọra jókòó sínú kòtò, sábẹ́ ọkọ̀ àti sílẹ̀ yàrá tí a tì pa. Fèrèsé tó wà lókè nìkan kò lè lé e jáde. Ẹ ṣílẹ̀kùn, kí afẹ́fẹ́ lè gba ìsàlẹ̀ kọjá.

Nínú ara, ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ dojú kọ ọ́. Énsáìmù kan (èròjà ara tó ń yí kẹ́míkà padà) tó ń jẹ́ CYP2E1 (ọtí máa ń mú kó pọ̀ sí i) á sọ ọ́ di kẹ́míkà mìíràn tó ń jẹ́ phenol, lẹ́yìn náà hydroquinone. Ẹ̀jẹ̀ á gbé ìwọ̀nyí lọ sínú mùdùnmúdùn egungun, énsáìmù mìíràn níbẹ̀ á sì sọ hydroquinone di benzoquinone, èyí tó ń ba àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá tó ń bí gbogbo ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Tí sẹ́ẹ̀lì pupa bá dín, àárẹ̀ àti èémí kúkúrú ló ń tẹ̀ lé e. Tí sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àìsàn jà bá dín, àìsàn kò ní yéé kọlu onítọ̀hún. Tí platelet (sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) bá dín, èrìgì á máa ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dì sábẹ́ awọ ara láìfarapa. Sẹ́ẹ̀lì ìyá tí kò kú, tó sì tún ara rẹ̀ ṣe lódì, lè di jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1897 ni Santesson, oníṣègùn ará Sweden, ti kọ nípa àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ẹ̀jẹ̀ wọn gbẹ níbi tí wọ́n ti ń ṣe táyà kẹ̀kẹ́ ní Sweden. Ní 1977, Infante, olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ń pa àwọn òṣìṣẹ́ rọ́bà ní Ohio ju bó ṣe yẹ lọ. Ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ gbé òpin wá sílẹ̀ láti ìdá 10 sí ìdá 1 nínú mílíọ̀nù ní 1978, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ wọ́gi lé e ní 1980, ó sì di 1987 kí òpin 1 tó fìdí múlẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni àwọn èèyàn fi mí ohun tí a ti mọ̀ pé ó burú. Nígbà tó di 2004, ìwádìí lórí òṣìṣẹ́ bàtà 250 ní Tianjin, ní Ṣáínà, rí i pé sẹ́ẹ̀lì funfun dín kódà lára àwọn tí benzene inú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí kò tó ìdá 1 náà. Lójú tèmi, èyí fi hàn pé òpin tó wà nínú òfin kì í ṣe ibi tí ewu ti dáwọ́ dúró.

Nítorí náà, ẹ má fi bẹntiróòlù fọ ọwọ́. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ lò. Ẹ má fi ẹnu fa epo nínú rọ́bà. Bí ẹnìkan bá gbé e mì, ẹ má fipá mú un bì, torí bó ṣe ń bì, epo lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Aṣọ tí epo bá rin, ẹ bọ́ ọ kíá. Ìbòmú aláṣọ àti ti eruku kò dá oru dúró rárá. Èyí tó ní asẹ́ èédú fún oru kẹ́míkà ló ń ṣiṣẹ́, èédú náà sì máa ń kún, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bí ìlànà rẹ̀ ṣe sọ. Bí benzene bá wọ inú omi, sísè rẹ̀ nínú ilé ń lé e sínú afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí ni.

Ní ti àyẹ̀wò, ẹ ka iye sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú oríṣiríṣi funfun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, kí ẹ sì tún un ṣe lọ́dọọdún. Ìwé àkọ́kọ́ yẹn ṣe pàtàkì jù. Ẹni tí sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ jẹ́ 9,000 tó wá di 4,500, láàbù lè kọ "ó dára" sí i, bẹ́ẹ̀ ìdajì ló ti lọ. Àyẹ̀wò ìtọ̀ fún S-phenylmercapturic acid, ohun tí ara ń sọ benzene dà kó tó tọ̀ ọ́ jáde, náà wúlò, àmọ́ ìparí iṣẹ́ ọjọ́ náà ni kí ẹ gba ìtọ̀ ọ̀hún, torí ó máa ń tètè kúrò lára. Bí ẹ bá ń mu sìgá, ẹ sọ fún dókítà, nítorí benzene wà nínú èéfín rẹ̀, ó sì lè jẹ́ òun ni àyẹ̀wò náà rí.