Ta Ló Ni Ẹ̀rín Inú Ọkọ̀ Òfuurufú?

Bí àwọn tó fẹ́ràn eré àròsọ onísáyẹ́ǹsì lórí tẹlifíṣọ̀n bá jókòó síbì kan, kì í pẹ́ kí àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan á ní eré tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ fajú ro láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ti sú àwọn. Ayé le tó báyìí, kí ni ti kí a tún lọ máa sunkún láàárín ìràwọ̀? Àwọn kejì á fèsì pé bí ẹ̀fẹ̀ bá ti gba iwájú wọlé, ẹ̀rù gba ẹ̀yìn jáde nìyẹn. Ta ni yóò bẹ̀rù ọ̀tá tí ọ̀gá ọkọ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́?

Àtúnṣe ìwé eré ni mo fi ń jẹun. Kí ìwé tó dé ọwọ́ òṣèré, ó máa ń gba ọwọ́ mi kọjá kí n lè wo ibi tó ti mẹ́hẹ. Mo ti rí eré tó kún fún àwàdà tí ẹ̀rù inú rẹ̀ kò jẹ́ kí n sùn, mo sì ti rí èyí tí òkùnkùn bò mọ́lẹ̀ tí mi ò gba ohunkóhun gbọ́ nínú rẹ̀. Nítorí náà, n kì í ka iye ẹ̀fẹ̀ tó wà nínú ìwé kan. Ẹni tó ni ẹ̀fẹ̀ náà ni mo máa ń wá.

Ó lè jẹ́ ti ẹni tó wà nínú ìtàn. Ẹ̀rọ ti kọṣẹ́, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí ti ń tán lọ, ó sì sọ ohun kan tó pani lẹ́rìn-ín torí pé bí kò bá sọ ọ́, igbe ni yóò ké. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ó sì lè jẹ́ ti òǹkọ̀wé, ẹni tí afẹ́fẹ́ kò wọ́n nílé rẹ̀, tó ronú kan gbólóhùn tó dùn mọ́ ọn, tó wá ń wá ẹnu tí yóò gbà á sọ. Òǹwòran lè má lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà tí mo fi ń dán an wò kò le. Mo máa ń mú gbólóhùn ẹ̀fẹ̀ kúrò lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́, màá fi í sẹ́nu ẹlòmíràn nínú ìran kan náà. Bí dókítà, awakọ̀ àti ọ̀tá bá lè sọ ọ́ kí ohunkóhun má yí padà, mo fa igi lé e lórí. Ó máa ń dun òǹkọ̀wé, nítorí pé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ èyí tó dùn jù lójú ewé.

Ẹ wo Red Dwarf, tó bẹ̀rẹ̀ lórí BBC2 lọ́dún 1988. Rob Grant àti Doug Naylor ló kọ ọ́, wọ́n sì ń ṣe é níwájú àwọn èèyàn tó ń rẹ́rìn-ín nínú ilé ìyàwòrán. Àwàdà ni látòkèdélẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀ láìfi ẹ̀fẹ̀ kún un. Dave Lister ni òṣìṣẹ́ tó kéré jù nínú ọkọ̀ ńlá kan. Ó mú ológbò wọ inú ọkọ̀, èyí tí òfin kò fàyè gbà, wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́: wọ́n tì í mọ́ yàrá tí àkókò ti ń dúró. Nígbà tó wà níbẹ̀, ìtànṣán olóró tú jáde, ó sì pa gbogbo èèyàn tó kù. Holly, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà, dúró títí ewu fi kúrò kó tó jí i. Ọdún mílíọ̀nù 3 ti kọjá. Àwọn tó kù tí Lister lè bá sọ̀rọ̀ ni Holly fúnra rẹ̀, àwòrán ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi jí Rimmer dìde, ìyẹn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń sun yàrá kan náà tí wọn kò sì fẹ́ràn ara wọn rárá, pẹ̀lú ẹ̀dá kan tó ti ara ìran ológbò wá.

Ta ló lè sọ pé ìtàn yẹn kò le? Nínú apá àkọ́kọ́, Holly sọ fún un pé gbogbo èèyàn ti kú. Lister bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: lágbájá ńkọ́? Ó ti kú. Làkáṣègbè ńkọ́, òun náà? Òun náà ti kú. Àwọn òǹwòran ń kú fún ẹ̀rín. Ẹ wá tẹ́tí sí ohun tí ọkùnrin náà ń ṣe gan-an. Ohun tí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ máa ń ṣe ni: ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ọkàn rẹ̀ kò tíì gbà á, ó ń wá ẹni kan ṣoṣo tí ikú lè ti gbójú fò. Ẹ̀rín yẹn, Lister ló ni ín. Àwọn tó kọ ọ́ kò sì tìtorí àwàdà yí òfin ìtàn náà padà lọ́jọ́ kejì. Ara ògiri ọkọ̀ rí bí eérú, yàrá há, ìdánìkanwà Lister kò sì lọ síbì kankan.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ohun tí àwàdà lè bàjẹ́ lóòótọ́, Lost in Space ni kí ẹ lọ wò. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lórí CBS lọ́dún 1965, àwòrán dúdú àti funfun, ìtàn ìdílé kan tó sọnù sí òfuurufú ni, Dókítà Smith tí Jonathan Harris ṣe sì jẹ́ ọ̀dàlẹ̀ tó ń dẹ́rù bani. Òun ló ṣètò rọ́bọ́ọ̀tì kó lè ba ọkọ̀ náà jẹ́. Díẹ̀díẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ náà di ojo tí gbogbo èèyàn ń fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí sáà kẹta máa fi ń parí lọ lọ́dún 1968, ẹni tó gbé ẹ̀wù kárọ́ọ̀tì wọ̀ ti ń ṣe ọ̀tá wọn. Kì í ṣe kárọ́ọ̀tì ló ṣẹ̀. Ohun tó ba ẹ̀rù jẹ́ ni pé Smith ń da ìdílé yìí, wọ́n ń dárí jì í, nígbà tó bá sì di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Bí ọ̀dàlẹ̀ kò bá san owó ohun tó ṣe, kí ni a ó tún máa fòyà? (Àwọn ọmọdé ìgbà náà fẹ́ràn Smith bí ojú, mi ò sì rò pé ó di dandan kí ẹnikẹ́ni kọ eré fún irú èmi.)

Ó wá kan àwọn eré olótìítọ́ kíkorò. Èyí tí gbogbo èèyàn máa ń dárúkọ ni Battlestar Galactica. Èyí àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1978: wọ́n pa àìmọye èèyàn ní ayé méjìlá, àwọn tó kù sì sá gorí ọkọ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n ti wà nílé tẹ́tẹ́ lórí ayé mìíràn, ọmọkùnrin kékeré kan sì ní ajá onírin tó jẹ́ pé ìnàkí ni wọ́n fi sínú awọ rẹ̀. Nígbà tí Ronald D. Moore tún un ṣe lọ́dún 2003, ó kọ ìwé kan síta nípa bó ṣe fẹ́ kí eré náà rí: kámẹ́rà tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́, kò sí ẹ̀dá abàmì, èèyàn tó ń rẹ̀, tó ń mu ọtí, tó ń ṣàṣìṣe.

Ohun tí àwọn afarawé mú nínú rẹ̀ ni òkùnkùn àti kámẹ́rà tó ń gbọ̀n. Aṣọ lásán nìyẹn. Ẹnikẹ́ni lè pa iná yàrá, kó ní kí òṣèré máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kó sì pa ẹni tí a fẹ́ràn ní apá kẹta. Ohun tó mú kí Galactica dà bí òótọ́ ni pé ohun gbogbo nínú rẹ̀ ní ìdí. Kí ló dé tí ọkọ̀ ogun òfuurufú fi ń lo tẹlifóònù oníwáyà bíi ti ayé àtijọ́? Nítorí pé àwọn ẹ̀rọ ọ̀tá tó ń jẹ́ Cylon lè gba inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá so pọ̀ mọ́ra wọlé, ọ̀gá ọkọ̀ náà sì ti kọ̀ jálẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní so tòun pọ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti yè.

Nínú apá tí wọ́n pè ní "33", àwọn ọ̀tá ń dé ní ìṣẹ́jú 33-33, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sá kúrò níbi tí wọ́n wà kó tó pé. Ó ti lé ní ọjọ́ 5 tí ẹnikẹ́ni ti sùn. Kò sí ìjà kan tó kàmàmà níbẹ̀. Ojú pípọ́n ni, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, àti pátákó tí Ààrẹ ń kọ iye èèyàn tó ṣẹ́ kù sí. Nígbẹ̀yìn wọ́n yìnbọn fún ọkọ̀ èrò tiwọn kan tí wọ́n fura sí, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì parẹ́ lára awakọ̀ tó yìn ín. Kí apá náà tó parí, ìròyìn dé pé wọ́n bí ọmọ, Ààrẹ sì fi ẹyọ kan kún iye tó wà lójú pátákó.

Ǹjẹ́ ẹ̀fẹ̀ wà nínú eré yìí? Ó pọ̀. Àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbà ni. Gaius Baltar tí James Callis ṣe ń rí obìnrin kan tí ẹlòmíràn kò rí, ó ń dá a lóhùn láàárín ìpàdé, ó sì gbọ́dọ̀ wá irọ́ tí yóò fi bo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọgbọ́n eré apanilẹ́rìn-ín tó ti gbó lórí ìtàgé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kan náà ló jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tá tẹ àṣírí ààbò ìlú, obìnrin tó ń rí sì jọ ẹni tó gba àṣírí náà lọ́wọ́ rẹ̀. A ń fi í rẹ́rìn-ín, ẹ̀bi sì ń jẹ ẹ́, orísun kan ṣoṣo ni méjèèjì ti wá. Bí ẹ bá yọ ẹ̀fẹ̀ Baltar kúrò, ẹ̀bi rẹ̀ á di ìwàásù.

The Expanse, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015, gba ọ̀nà mìíràn. Ìwọ̀n ara èèyàn kò sí nínú ọkọ̀ àyàfi tí ẹ̀rọ bá ń tì í lọ. Bí ẹ̀rọ bá sì tì í jù, àfi kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dá wọn dùbúlẹ̀. Yìnyín ni wọ́n ń gbé láti ọ̀nà jíjìn kí àwọn tó ń gbé inú àpáta òfuurufú lè rí omi mu. Inú irú ayé tó mọ iye omi rẹ̀ báyìí ni ẹ̀fẹ̀ ti máa ń hù fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ ogun Mars bọ́ sọ́wọ́ àwọn èèyàn mẹ́rin kan lọ́nà tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, ẹnikẹ́ni tó bá sì bi wọ́n, èsì wọn ni pé àwọn rí i he ni, lábẹ́ òfin. Ọ̀rọ̀ òfin gidi ló ń pa wá lẹ́rìn-ín níbẹ̀, òun náà ló sì lè gbé wọn dé ẹ̀wọ̀n.

Iṣẹ́ kan tún wà tí ẹ̀fẹ̀ ń ṣe tí òǹwòran kì í sábà fura sí. Ohun tó máa ń wúwo jù nínú ìwé eré onísáyẹ́ǹsì ni àlàyé: báwo ni ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ló dé tí ìràwọ̀ yẹn fẹ́ bú? Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, kò sì dùn ún gbọ́. Nínú Stargate SG-1, tó lo sáà 10 láti 1997 sí 2007, Ọ̀gágun O'Neill máa ń já ọ̀rọ̀ mọ́ Carter onísáyẹ́ǹsì lẹ́nu pé òun ò gbọ́ ọ yé. Ẹ ń rẹ́rìn-ín sí i, àlàyé sì ti kọjá sínú yín. Nígbà tí Stargate Universe dé lọ́dún 2009 pẹ̀lú ojú dídì, ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ dín kù gan-an, ìjà láàárín àwọn èèyàn inú ọkọ̀ sì ló wá ń ru púpọ̀ nínú ẹrù yẹn. Sáà 2 ló lò. Mi ò ní sọ pé ojú dídì ló pa á, torí ohun tó ń pa eré tẹlifíṣọ̀n pọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá gbé ìjà sípò ẹ̀fẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun tí wọn yóò máa jà lé lórí ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àwàdà òfuurufú ti ọdún 1967 ni, apá Star Trek tí David Gerrold kọ nípa àwọn tribble. Ẹranko onírun rọ̀bọ̀tọ̀ ni wọ́n, pẹ̀lú oyún nínú ni wọ́n ti ń bí wọn, bí oúnjẹ bá sì ti wà, kò sóhun tó lè dá wọn dúró. Spock, onísáyẹ́ǹsì inú ọkọ̀ náà, ṣírò rẹ̀: bí ọ̀kan bá ń bí mẹ́wàá ní wákàtí 12-12, láàárín ọjọ́ mẹ́ta wọn á di 1,771,561. Ẹ ṣe é wò, ìṣirò náà pé. Ibi tí wọ́n ti ya lu Kirk, ọ̀gá ọkọ̀, lórí láti inú àpótí ọkà ni gbogbo èèyàn ń rántí, ṣùgbọ́n àwọn tó ti kú láàárín wọn ló tú àṣírí pé ẹnì kan ti fi májèlé sínú ọkà ọ̀hún. Ẹ yọ ẹ̀fẹ̀ náà, kò sí ìtàn mọ́.

Bí àyè bá gbà yín ní ìrọ̀lẹ́ kan, ẹ wo "33". Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo apá Star Trek: Deep Space Nine ti ọdún 1996, níbi tí wọ́n ti padà sínú ìtàn tribble láti ṣe àjọ̀dún ọgbọ̀n ọdún, tí àwọn òṣèré tuntun ń rìn láàárín àwòrán àtijọ́. Kí ẹ má ṣe kánjú pa á nígbà tí orúkọ àwọn tó kọ ọ́ bá ń kọjá: Ronald D. Moore wà níbẹ̀.