Igi Tútù Kọ́ Ló Ń Mú Kí Ìbòjú Là

Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ère gbígbẹ́ ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó ni wọ́n gbà pé igi tútù kò ṣeé fi gbẹ́ ìbòjú, nítorí pé dandan ni kí ó là. Èyí ni wọ́n fi ń lọ ra igi tí ó ti gbẹ ganrangandan níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, tí wọ́n á máa fi òòlù lu ṣísẹ̀lì títí apá yóò fi ro wọ́n, tí ẹnu irin á sì kú.

Èmi náà gba èyí gbọ́ nígbà kan. Igi ahùn tútù ni mo fi gbẹ́ ìbòjú mi àkọ́kọ́, mo sì sá a sẹ́yìn ilé nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́. Kí ó tó di ọjọ́ kẹta, ó ti là láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Mo di ẹ̀bi ru igi. Ọ̀gá mi yí i padà, ó fi èékánná tọ́ka sí àmì róbótó kékeré kan láàárín rẹ̀, ó ní: "Ọkàn igi nìyí. Ìwọ lo fi í sílẹ̀."

Bí omi inú igi bá ti dín sí nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìwúwo igi gbígbẹ fúnra rẹ̀, igi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì, ṣùgbọ́n kì í súnkì bákan náà níbi gbogbo. Ní gígùn rẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ súnkì rárá. Ní àyíká rẹ̀, ó máa ń súnkì tó nǹkan bí ìlọ́po méjì bí ó ṣe ń súnkì láti èèpo sí ọkàn. Nítorí náà, ìtì tí ó ṣì ní ọkàn nínú máa ń fa ara rẹ̀ ya. Ẹni tí ó bá la ìtì sí méjì, tí ó gbẹ́ ọkàn dànù, tí ó sì gbẹ́ inú ìbòjú títí tí gbogbo ara rẹ̀ fi nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3 bákan náà, ti mú ohun tí ó ń fa lílà kúrò.

Àwọn agbẹ́gilére àtijọ́ mọ èyí dájú. Ọnà lílé ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí í ṣe fífi àáké gé ìrísí ère jáde nínú ìtì. Wọ́n á ṣe àlétúnlé, ìyẹn pípín ìrísí náà sí ẹ̀yà bí ojú àti etí, lẹ́yìn náà dídán, ìyẹn mímú kí ara rẹ̀ jọ̀lọ̀; fínfín, ìyẹn gígé ilà ọnà sára rẹ̀, ni ó sì máa ń gbẹ̀yìn. Igi tútù rọrùn fún méjì àkọ́kọ́, nítorí pé irin máa ń wọ inú rẹ̀ bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ iṣu sísè. Mo gbà pé fínfín yàtọ̀: ilà tín-ín-rín máa ń mú dáadáa lára igi tí ó ti gbẹ.

Láàárín àlétúnlé àti fínfín, ẹ kùn ìda àbẹ́là sí ibi tí a ti gé igi lókè àti nísàlẹ̀, torí ibẹ̀ ni omi ti ń yára jáde jù. Ẹ fi aṣọ àlòkù wé e, ẹ gbé e síbi òjìji, kí ẹ sì máa tú u wò kí ó má baà bu. Orí òṣùwọ̀n àwọn tí ń ta ẹja dídì ni mo máa ń gbé tèmi sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dín mọ́ ni mo máa ń mú ọ̀bẹ ìfín.