Ikun Aláwọ̀ Ewé Kì í Ṣe Ìwé Àṣẹ fún Ampiclox

Lọ́jọ́ tí ọ̀fìnkìn bá bẹ̀rẹ̀, ikun mọ́ gaara, ó ń dà bí omi. Tó bá di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, èèyàn á fun imú sínú tíṣù, á tú u wò, á rí i pé ó ti ki, ó ti pọ́n rúsúrúsú tàbí kó ti di àwọ̀ ewé. Ọkàn á já. Ó di kẹ́míìsì àdúgbò: "Dókítà, ẹ bá mi fún Ampiclox, ikun mi ti di gírìn." Ẹni tó ń ta oògùn á ka kápúsù mélòó kan sínú ọ̀rá kékeré, á fi Paracetamol sí i. Kò ní béèrè ọjọ́ tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. N kì í fi gbogbo ẹ̀bi rù ú: àwa la pè é ní dókítà, kò sì ní fẹ́ ká lọ lọ́wọ́ òfo.

Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà gbọ́ ni pé bakitéríà ló sọ ikun di àwọ̀ ewé, pé láìsí oògùn apakòkòrò bí Ampiclox, kò ní lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Inú ara wa ni àwọ̀ náà ti wá. Bí fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn bá ti wọ inú imú, ara á rán sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ síbẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní neutrophil. Ohun kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì yìí tó ń jẹ́ myeloperoxidase. Irin wà nínú rẹ̀, àwọ̀ ewé sì ni òun fúnra rẹ̀. Kjell Agner, ará Sweden, ló kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ lọ́dún 1941. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí bá ń kú sínú ikun, ohun tó wà nínú wọn á dà sínú rẹ̀, ikun á sì yí àwọ̀ padà. Fáírọ́ọ̀sì ń fa èyí, bakitéríà náà ń fà á. Àwọ̀ nìkan kò lè sọ èwo ló wà níbẹ̀. Ti àárọ̀ sábà máa ń dúdú jù torí pé ó ti sùn sínú imú mọ́jú.

"Ṣùgbọ́n ojú mi wúwo, tí mo bá forí kanlẹ̀ níbi ìrun, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń ro mí." Òótọ́ ni, ó sì nídìí. Ihò wà nínú egungun ojú wa, sinus ni àwọn dókítà ń pè é. Méjì tó tóbi jù wà lábẹ́ ojú, lókè eyín òkè. Ẹnu tí ikun ń gbà jáde níbẹ̀ kò sí nísàlẹ̀, òkè ló wà. Bírìkìlà wo ló máa fi ojú gọ́tà sókè ògiri? Irun tíntìntín inú ihò náà ló ń gbá ikun gòkè lọ síbi ẹnu náà. Bí ọ̀fìnkìn bá mú kí awọ inú imú wú, ẹnu náà á dí, ikun á há síbẹ̀.

Jack Gwaltney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Virginia, Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rọ CT ya àwòrán orí àgbàlagbà 31 tí ọ̀fìnkìn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Lára 27 nínú wọn, ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò rí bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n tún ya ti èèyàn 14: ti 11 ti mọ́ tàbí kó ti sàn gan-an, láìjẹ́ pé wọ́n lo oògùn apakòkòrò. Ọdún 1994 ni wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde.

Ìwádìí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ọdún 2012, láti St. Louis, Amẹ́ríkà, torí pé àwọn tí dókítà ti sọ pé sinus ló ń yọ lẹ́nu ni wọ́n lò, kì í ṣe ọ̀fìnkìn lásán. Àgbàlagbà 166. Wọ́n fún apá kan ní amoxicillin, oògùn apakòkòrò, fún ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n fún apá kejì ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Lọ́jọ́ kẹta, kò sí ìyàtọ̀. Lọ́jọ́ keje, àwọn tó lo amoxicillin fi díẹ̀ sàn jù. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, 78 nínú ọgọ́rùn-ún lára wọn ló ní ara àwọn ti yá; láàárín àwọn tó gbé oògùn òfìfo mì, 80 ni.

Kí wá ni ká máa wò? Ọjọ́, àti bí àìsàn náà ṣe ń rìn. Bó bá ti kọjá ọjọ́ mẹ́wàá láìdẹwọ́. Bí ibà bá gòkè dé 39°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ojú ń roni tàbí tí ikun ń dà bí ọyún, fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin léraléra láti ìbẹ̀rẹ̀. Tàbí bí ara bá ti ń yá tẹ́lẹ̀ tó wá ṣẹ́rí padà pẹ̀lú ibà tuntun, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí bakitéríà ti wọ̀ ọ́. Dókítà gidi ló yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì pinnu.

Kó tó dé bẹ́ẹ̀, ẹ máa mu omi dáadáa, ẹ lo Paracetamol fún ìrora, ẹ sì lè fi omi oníyọ̀ ṣan imú, bó bá ṣáà jẹ́ omi tí a sè tó sì ti tutù. Robb àti Àbọ́níkí kò burú. Menthol inú wọn ń jẹ́ kó ṣe wá bíi pé imú ti là, bẹ́ẹ̀ ihò imú ò fẹ̀ sí i rárá.

Ojú tó bá wú, tàbí tó ń rí nǹkan ní méjì-méjì, orí fífọ́ tó le koko, ọrùn tó gan: ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá sì jẹ́ ihò imú kan ṣoṣo ló ń dí lára àgbàlagbà, tí ẹ̀jẹ̀ ń bá ikun ibẹ̀ jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun, ìbáà jẹ́ pé ikun náà mọ́ gaara.